Softball: béèsì àkọ́kọ́ ṣófo, ṣé kí a mọ̀ọ́mọ̀ fún ọ̀gá wọn ní walk?

ÌlúAró
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin kóòṣì wa. Àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé girama là ń kọ́ ní softball ní Òṣogbo níbí. Ẹ bá wa wo èyí: inning (abala eré) keje tó jẹ́ ìkẹyìn, ayò dọ́gba, àwọn alátakò ló ń gbá. Out kan ti wà (ẹnì kan nínú wọn ti jáde; bó bá pé mẹ́ta, ìgbà wọn láti gbá parí). Ẹnì kan wà ní béèsì kejì, ẹnì kan ní ìkẹta, àkọ́kọ́ ṣófo. Ọ̀gá nínú wọn ló fẹ́ gbá báyìí. Ṣé kí a fún un ní walk, ìyẹn kó lọ sí béèsì àkọ́kọ́ láì gbá bọ́ọ̀lù? Ṣé dandan ni kí pitcher (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) ju bọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò ṣeé gbá kó tó lè lọ?

Ọmọ Òkè-Fìà
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kí n kọ́kọ́ mú ti òfin. Nínú baseball àwọn ọ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láti 2017 ni wọn kò ti ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin yẹn mọ́. Manager á ṣàmì sí ọ̀mpáyà, batter (ẹni tó fẹ́ gbá) á sì máa lọ sí béèsì àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ti ju méjì ṣáájú, àmì náà ṣì ṣiṣẹ́. Softball ilé-ìwé lọ́hùn-ún náà gbà á. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ìdíje kan yàtọ̀ sí òmíràn, ẹ bi ọ̀mpáyà kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ti sọ ọ́, bọ́ọ̀lù ti kú, ìyẹn ni pé eré dúró. Ẹni tí walk náà bá tì kúrò ní béèsì nìkan ló lè sún síwájú. Nínú tiyín yìí, kò sẹ́ni tó máa sún, torí àkọ́kọ́ ṣófo.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ jù ú, ewu wà níbẹ̀. Kí pitcher jù ú le, kó sì jìnnà sí ọ̀pá. Ẹni tó bá rọra jù ú ló máa ń jù ú kọjá orí catcher (ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn batter), ẹni béèsì kẹta á sì sáré wọlé. Ní 2006, pitcher ẹgbẹ́ baseball Baltimore ju tirẹ̀ súnmọ́ jù, Miguel Cabrera na ọ̀pá bá a, ó gbá a, ayò wọlé.

Catcher Àgbà
Ẹ fún un. Ayò béèsì kẹta nìkan ló lè pa yín. Tó bá wọlé, eré parí. Ẹni tí ẹ fún ní walk, bó wọlé bí kò wọlé, kò kàn yín.

Ohun tí ẹ rí gbà ni pé béèsì kún, a ò nílò láti fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni mọ́ kó tó jẹ́ out; kí bọ́ọ̀lù ṣáájú rẹ̀ dé béèsì tó ń sáré lọ ti tó. Ẹ kó àwọn infield (àwọn tó ń ṣọ́ àyíká béèsì) súnmọ́ iwájú. Bọ́ọ̀lù tó bá yí nílẹ̀, home (ibi tí batter ti ń gbá, tí ayò ti ń wọlé) ni kí wọ́n jù ú sí. Kí catcher ti fi ẹsẹ̀ kan tẹ home kí bọ́ọ̀lù tó dé. Bó bá ti gbà á, kó gbé ẹsẹ̀ kejì bọ́ sínú pápá, kó tó jù ú sí béèsì àkọ́kọ́. Out méjì nìyẹn. Catcher tó bá jù ú láti orí home tààrà á jù ú lu ẹ̀yìn batter tó ń sáré lọ. Ẹ fi ìgbésẹ̀ kan yìí kọ́ wọn títí á fi mọ́ wọn lára.

Ohun méjì tún yí padà. Bí out kò bá tíì pé méjì, tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sókè lórí infield, tó sì rọrùn láti hán, ọ̀mpáyà á pe batter ní out bó tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó wà lórí béèsì lè dúró síbẹ̀. Bí strike kẹta (bọ́ọ̀lù tó dára tí batter kò gbá) bá sì bọ́ lọ́wọ́ catcher, tí out kò tíì pé méjì, batter kò lè sáré mọ́, torí ènìyàn ti wà ní àkọ́kọ́.

Ayétòrò9
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ pitcher yín ná. Bí béèsì bá ti kún, walk kan péré, ayò ni. Bọ́ọ̀lù tó bá ba batter lára, ayò ni. Bó bá ti ń wá strike tì láti inning karùn-ún, ẹ jẹ́ kó dojú kọ ọ̀gá wọn, kó máa jù ú sí ìsàlẹ̀, lẹ́bàá òde. Ẹ sì wo ẹni tó kàn: bó bá mọ bunt (kó rọra fi ọ̀pá tẹ bọ́ọ̀lù sílẹ̀) dáadáa, walk yìí kò tà.

Wọ́n fún Barry Bonds, ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù baseball kan ní Amẹ́ríkà, ní irú walk yìí nígbà 120 ní 2004. Ní 1998, ẹgbẹ́ Arizona tilẹ̀ fún un nígbà tí béèsì kún, ṣùgbọ́n ayò méjì ni wọ́n fi ń ṣáájú. Tiyín dọ́gba.

ÌlúAró
Ẹ ṣeun gan-an. Bó bá jẹ́ inning kejì ńkọ́?

Catcher Àgbà
Rárá o. Ní inning kejì, ẹni tí ẹ fún ní walk yẹn náà lè di ayò, bọ́ọ̀lù kan tó bá kọjá infield sì lè kó méjì wọlé. Ẹ dojú kọ ọ́, kí infield dúró sí àyè wọn, kí ẹ fi ayò kan gba out.