Bátìrì AA tó ń gba ṣájì: míta ní ó kún, síbẹ̀ kì í pẹ́ kú

Ọmọ_Alárẹ́díò:

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bátìrì AA 12 ni ọ̀rọ̀ wà lórí wọn. Ni-MH ni wọ́n (irú tó ṣeé ṣájì léraléra), 2000 mAh (iye iná tó lè gbà sínú) ni wọ́n kọ sí ara wọn, ọjọ́ kan náà ni a rà wọ́n, wọ́n ti pé ọdún márùn-ún. Méjì ń wọ míìkì aláìlókùn, mẹ́rin ń wọ ẹ̀rọ BP (èyí tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru), àwọn yòókù ń wọ rẹ́díò àti tọ́ọ̀ṣì. Èyí tí ọwọ́ bá bà la ń lò.

Bí wọ́n bá ti kúrò lórí ṣájà, 1.41 V sí 1.43 V ni míta ń kà lórí gbogbo wọn. Kò sí èyí tó yàtọ̀. Àmọ́ míìkì tó ń lo bíi wákàtí 8 tẹ́lẹ̀ ti ń pa lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ̀rọ BP náà sì ń kú gẹ́rẹ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sínú aṣọ apá. Ṣájà wa jẹ́ olówó pọ́ọ́kú: méjì-méjì ló ń gbà, 500 mA ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, iná rẹ̀ á di àwọ̀ ewé lẹ́yìn wákàtí 8, ì báà kún, ì báà má kún.

Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó bàjẹ́ láì da gbogbo wọn nù? Ṣé òótọ́ ni pé ká lò ó gbẹ pátápátá ká tó tún un ṣájì? Ṣé ó tó nǹkan téèyàn ń ra ṣájà tó ń dán bátìrì wò?

Bàbá_Résístọ̀:

Ẹ kú ìbéèrè. Fóltéèjì tí ẹ kà nígbà tí bátìrì kò ṣe iṣẹ́ kankan kì í sọ ìlera Ni-MH. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà á wà ní 1.40 V sókè, á rọra sọ̀ kalẹ̀ bó bá ti ń sinmi. Lẹ́nu iṣẹ́, ìtòsí 1.2 V ló máa jókòó sí títí á fi kù díẹ̀ kó tán, ibẹ̀ ni yóò ti já wálẹ̀ lójijì. Kẹ́ẹ̀gì tí òkúta kún inú rẹ̀ ni kí ẹ fi wé: omi dé ẹnu rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi tí ẹ máa rí bù níbẹ̀ kò tó nǹkan.

Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ròyìn. Míìkì kò fa iná púpọ̀. Tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan kó tó pa, a jẹ́ pé ohun tó wà nínú bátìrì kan ló tètè tán, mAh rẹ̀ ti lọ. Ti ẹ̀rọ BP yàtọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn máa ń fa iná lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá fa 500 mA, tí ìdènà inú bátìrì kọ̀ọ̀kan (ohun tó ń dí iná lọ́wọ́ nínú rẹ̀, Ω ni a fi ń wọ̀n ọ́n) sì ti di 0.2 Ω, bátìrì mẹ́rin á jẹ 0.4 V mọ́ra wọn kí iná tó jáde, ẹ̀rọ á rò pé bátìrì ti tán. Nítorí náà, ìdènà àti mAh, méjèèjì lẹ máa wọ̀n.

Wíwọn ìdènà ló yá jù. Ẹ fi máákà kọ 1 sí 12 sí ara wọn. (Ẹ má lẹ tépù mọ́ ọn o, á há sínú ẹ̀rọ.) Ẹ ṣájì wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi fún wákàtí kan. Ẹ wá résístọ̀ 1 Ω, 5 W, èyí funfun tó dà bí búlọ́ọ̀kù kékeré tí àwọn tó ń tún rẹ́díò ṣe máa ń ní. Ẹ ka fóltéèjì bátìrì kí résístọ̀ tó kàn án. Ẹ wá so résístọ̀ mọ́ orí àti ìdí bátìrì, ẹ tún un kà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10. Ẹnu míta gbọ́dọ̀ kan orí àti ìdí bátìrì gan-an. Bó bá jẹ́ wáyà lẹ kàn, ìdènà wáyà lẹ ń wọ̀n mọ́ ti bátìrì.

Ẹ yọ iye kejì kúrò lára iye àkọ́kọ́, kí ẹ fi iye kejì pín èyí tó kù. Bí 1.35 V bá di 1.29 V, 0.06 ÷ 1.29 ni, nǹkan bíi 47 mΩ (1000 mΩ ni 1 Ω): ó ṣì le koko. Bí 1.36 V bá di 1.12 V, 0.24 ÷ 1.12 ni, ó lé ní 210 mΩ. Tèmi ni pé kí èyí tó bá wà lábẹ́ 80 mΩ ṣe iṣẹ́ yòówù, kí 80 sí 150 lọ sínú rẹ́díò, kí èyí tó bá kọjá 200 lọ sínú rìmóòtù, kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ BP.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí míta sí ibi tí wọ́n ti ń wọn àmpíà kí ẹ wá fi kan bátìrì ní tààrà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é láwọn ṣọ́ọ̀bù. Síọ́ọ̀tì ni: Ni-MH tó lera lè tú iná tó pọ̀ gan-an jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè jó fíúsì míta, ó sì lè jó yín lọ́wọ́.

mAh ni wákàtí pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ṣájì bátìrì kún, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan, ẹ wá so ó mọ́ résístọ̀ 3.3 Ω, 2 W. Nǹkan bíi 0.36 A ni yóò máa jáde. Ẹ kọ àkókò tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa wo míta, kí ẹ yọ ọ́ bó bá ti kan 1.0 V. Bátìrì 2000 mAh tó pé á lo nǹkan bíi wákàtí 5 àtààbọ̀. Èyí tí kò bá pé wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20, kò ku ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Ẹ fi aláàmù fóònù sí i, kí ẹ má sùn lọ, torí tó bá bọ́ sísàlẹ̀ 1.0 V, eré ni yóò bá dé òdo.

Ṣájà tó ń dán bátìrì wò, bíi Powerex MH-C9000, Opus BT-C3100 tàbí SkyRC MC3000, iṣẹ́ yìí kan náà ló ń bá yín ṣe láì sí pé ẹ jókòó tì í. Ẹni tó ní 12 lè ra ọ̀kan. Ẹni tó ní mẹ́rin, résístọ̀ méjì tó o.

Ìyá_Ìnfátà:

Ọ̀gá ti sọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó pa wọ́n: ṣájà yẹn ni.

500 mA fún wákàtí 8 jẹ́ 4000 mAh. Bátìrì 2000 mAh tó ṣófo pátápátá kò nílò ju bíi 2400 sí 2800 lọ, torí pé díẹ̀ nínú ohun tó wọlé máa ń di ooru. Gbogbo èyí tó kù, ooru ni, kò sí ibòmíràn tó ń lọ. Ẹ tún fi NẸ́PÀ kún un. Aago inú irú ṣájà bẹ́ẹ̀ kì í rántí nǹkan kan: wọ́n mú iná lọ ní wákàtí kẹfà, wọ́n mú un dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ wákàtí 8 mìíràn láti òdo. Ó di 7000 mAh nínú bátìrì 2000. Bí ẹ bá sì yí láti NẸ́PÀ sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ìkejì ni ti méjì-méjì tó ń gbà. Iná kan náà ló ń gba inú bátìrì méjèèjì kọjá. Tí ẹ bá fi èyí tó ku ìdajì pẹ̀lú èyí tó ṣófo, èyí tó kọ́kọ́ kún á máa yan títí èkejì á fi yó. Bẹ́ẹ̀ ẹ sọ pé èyí tí ọwọ́ bá bà lẹ ń lò.

Ṣájà tó dáa máa ń wo ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó ń ṣọ́ fóltéèjì: bí Ni-MH bá kún, fóltéèjì rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ ní mV díẹ̀, ìyẹn ni ṣájà fi ń mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣíṣájì díẹ̀díẹ̀ lórí irú ṣájà yìí kò fi dáa tó bí wọ́n ṣe ń rò. Ní 200 mA, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn kéré débi pé ṣájà lè má rí i, pàápàá lára bátìrì tó ti darúgbó. Fún 2000 mAh, láàárín 700 mA sí 1000 mA ni kí ẹ lò. Kó lọ́wọ́ọ́rọ́ níparí, ìyẹn kò burú. Tí ẹ kò bá lè dì í mú nínú àtẹ́lẹwọ́ ka ení dé ẹẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ṣájà kò rí òpin rẹ̀ nìyẹn.

Fún ọ̀rọ̀ NẸ́PÀ, ẹ ra ṣájà tó ń lo USB, kí ẹ so ó mọ́ power bank. Bátìrì AA mẹ́rin kò ju nǹkan bíi 10 Wh lọ (Wh ni Ah tí a fi fóltéèjì sọ di púpọ̀), ká pè é ní 15 pẹ̀lú ohun tó ń ṣòfò. Power bank 10,000 mAh tí kì í ṣe ayédèrú ní 37 Wh nínú. Ó tó fún mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì, iná kò sì ní já láàárín. Ẹ má ṣájì wọn nínú mọ́tò tàbí lójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 35°C nínú yàrá lọ́sàn-án, kò tún nílò ìrànlọ́wọ́.

Ọmọ_Alárẹ́díò:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mà. Àbọ̀ rèé. Mẹ́jọ wà láàárín 50 sí 75 mΩ, wọ́n lo wákàtí 4 àtààbọ̀ sí wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 55. Nọ́ńbà 4, 7 àti 11 wà ní 190 sí 230 mΩ, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40. Nọ́ńbà 9 burú: 1.43 V já sí 0.94 V lójú ẹsẹ̀. Ṣé wọ́n ṣeé jí dìde?

Bàbá_Résístọ̀:

Mẹ́jọ yẹn ṣì ní 1640 sí 1790 mAh nínú. Fún ọdún márùn-ún lórí ṣájà yẹn, ẹ dúpẹ́. Nọ́ńbà 9 ti kọjá 500 mΩ, ẹ jẹ́ kó lọ. Òun ló ṣeé ṣe kó máa pa míìkì yín: bí 9 bá tán, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣì máa ti iná gba inú rẹ̀ kọjá títí orí rẹ̀ á fi di ìdí. Bátìrì mẹ́rin ló burú jù: mẹ́ta tó wà ní 1.2 V ti jẹ́ 3.6 V, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń pa ní 3.6 V kò ní mọ̀ pé ẹ̀kẹrin ti dé òdo. Bátìrì tó bá yí padà bẹ́ẹ̀ máa ń tú gáàsì, gáàsì á gba fáàfù rẹ̀ jáde, omi inú rẹ̀ á dínkù, ìdènà á ròkè.

Ibẹ̀ náà ni ìdáhùn jíjí dìde wà. Bátìrì tó kàn sùn nínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún kan sí méjì máa ń jí. Èyí tí ooru ti fa omi inú rẹ̀ gbẹ kì í jí. Ẹ fún 4, 7 àti 11 láǹfààní kan: 200 mA fún wákàtí 16, ìsinmi wákàtí kan, kí ẹ lò ó dé 1.0 V lórí 3.3 Ω, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Tí mAh kò bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ lè fi iná USB 5 V ṣe é láì ní ṣájà ńlá. Ẹ fi résístọ̀ 18 Ω, 2 W sáàárín iná USB àti orí bátìrì, kí ìdí bátìrì lọ sí wáyà dúdú. (5 − 1.4) ÷ 18 fún yín ní 200 mA. Fún AAA 750 mAh, 47 Ω. Bátìrì kan sí résístọ̀ kan. Tí iná bá lọ, ẹ kọ wákàtí tó ti lò sílẹ̀, kí ẹ máa bá a lọ láti ibẹ̀. Ẹ yọ ọ́ tó bá pé 16. Kò sí ohun tó máa yọ ọ́ fún yín.

Ní ti lílò ó gbẹ: bátìrì Ni-Cd àtijọ́ ni àṣà yẹn ti wá. Ni-MH kò nílò rẹ̀. Bó bá ti pẹ́ tí ẹ̀ ń ṣájì rẹ̀ láì tíì lò ó jìnnà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sí 1.0 V ti tó, kì í sì í ṣe nínú tọ́ọ̀ṣì tí ẹ gbàgbé sórí tábìlì.

Ẹ pín mẹ́jọ yẹn: A1 sí A4 fún BP, B1 àti B2 fún míìkì, C1 àti C2 fún rẹ́díò. Àwọn tí mAh wọn súnmọ́ra ni kí ẹ kó pọ̀, kí wọ́n jọ wọlé, kí wọ́n jọ jáde.

Àwòdì_Òkè:

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn: AA Ni-MH tí wọ́n kọ 3000 mAh sókè sí lára, irọ́ ni. Èyí tó ga jù tó jẹ́ òótọ́ kò kọjá bíi 2800. Àwọn tó ga yẹn náà tètè ń darúgbó. Ẹ wo eneloop: èyí tó jẹ́ 2000 mAh, wọ́n ní ó lè gba ṣájì 2100 ìgbà, ti Pro tó jẹ́ 2500 mAh, 500 péré. Sanyo ló mú eneloop jáde lọ́dún 2005, Panasonic ló ni ín báyìí. Ohun tó mú irú rẹ̀ yàtọ̀ ni pé iná kì í tètè jò kúrò nínú rẹ̀. Ẹ dán èyíkéyìí tí ẹ bá rà wò: ẹ ṣájì í kún, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ 30, ẹ wá wọn mAh rẹ̀. Èyí tó bá pàdánù ìdajì láàárín ọ̀sẹ̀ kan ti ń jò nínú ara rẹ̀, ì báà jẹ́ pé lánàá lẹ rà á.

Ti AA líthíọ́ọ̀mù 1.5 V tó ní ihò USB lára, ó dáa fún ẹ̀rọ BP torí 1.5 V ló ń fún un títí tó fi tán. Àmọ́ mWh ni wọ́n ń kọ sí i: 3000 mWh kò ju 2000 mAh lọ ní 1.5 V. Rẹ́díò AM máa ń pariwo ṣììì nítorí ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ wọ ṣájà Ni-MH láé.

Ọmọ_Alárẹ́díò:

Ìbéèrè kan ló kù. Nǹkan funfun bí iyọ̀ wà lára irin inú ẹ̀rọ BP, níbi tí nọ́ńbà 9 máa ń wà.

Ìyá_Ìnfátà:

Omi inú bátìrì ló jò tó gbẹ síbẹ̀, ó ń jẹ awọ ara, ẹ fi ọwọ́ sínú ọ̀rá. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ díẹ̀ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà nù ún. Tó bá ti dẹ́kun híhó, ẹ fi spirit nù ún mọ́, ẹ fi sáńdípépà tó kúnná ha irin náà títí á fi dán. Kó gbẹ mọ́jú kí ẹ tó fi A1 sí A4 sínú rẹ̀.