Roquefort-sur-Soulzon: abúlé gidi ni àbí ihò wàrà lásán?

Adùnní_Lyon
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Faransé. Roquefort, abúlé gúúsù Faransé tí wọ́n ti ń mú wàrà (fromage) aláwọ̀ ewé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ gbó, ló kàn báyìí: èèyàn mẹ́rin, ọjọ́ méjì, oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, ṣé abúlé ni àbí ilé iṣẹ́ wàrà tí wọ́n fi orúkọ abúlé bò mọ́lẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ inú ìwé arìnrìn-àjò dá mi lóhùn.

Bàbá_Larzac
Abúlé ni. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 700. Ṣùgbọ́n wo òkè kó o tó wo ilé. Òkè Combalou ya lulẹ̀ láyé àtijọ́, òkúta ràbàtà-ràbàtà wá gun orí ara wọn, àlàfo sì ṣẹ́ kù láàárín wọn. Àlàfo yẹn ni wọ́n sọ di ihò wàrà. Gbogbo ilẹ̀ tí àwọn ihò náà wà kò ju bíi kìlómítà méjì lọ ní gígùn, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 300 mítà. Àwọn ilé rọ̀ mọ́ ara àpáta bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ilẹ̀kùn tó o bá rò pé ti pálọ̀ ni, ihò alájà púpọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Pàlàpálá àpáta tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni wọ́n ń pè ní fleurines. Òun ló ń mú kí ihò náà wà láàárín digirì 8 sí 12 tẹ̀ẹ̀rùn-tòtútù, ọ̀rinrin rẹ̀ sì tó 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n kàn ń ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́nu fleurine, wọ́n ń tì í, bí ẹni ń darí iná àdògán. Súwẹ́tà ni kẹ́ ẹ mú dání, àti bàtà tí kì í yọ̀. Oṣù kẹsàn-án yẹn, àgùntàn kò sí lẹ́nu fífún mílíìkì. December sí July ni ìgbà iṣẹ́ wàrà. Ẹ ó rí ihò, ẹ ó rí wàrà tó ń gbó lọ́wọ́. Ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti ń sè é, torí oko àti àwọn ìlú kéékèèké yí ká ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn.

Kọ́lá_93
Wàrà tó ti bu. Ìyẹn lẹ fẹ́ wọkọ̀ lọ wò?

Ọmọ_Nàgó_Pobè
Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, kò bu fúnra rẹ̀ o, wọ́n mú un bu ni. Ìyàtọ̀ wà ńbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́ nìyí: wọ́n á yan búrẹ́dì ráì ńlá títí èèpo rẹ̀ á fi fẹ́ jóná, kí inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Wọ́n á gbé e sínú ihò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Olú tín-ín-tín tó ń mú nǹkan bu, tó ń jẹ́ Penicillium roqueforti, á jẹ inú rẹ̀ tán, á di àwọ̀ ewé. Wọ́n á sá a kó gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Ìyẹ̀fun yẹn ló ń wọ inú mílíìkì. Lónìí, inú láàbù ni ọ̀pọ̀ ti ń tọ́ olú náà, àmọ́ àwọn kan ṣì ń yan búrẹ́dì.

Mílíìkì náà ní láti jẹ́ tútù tí a kò sè, ti àgùntàn Lacaune nìkan. Wọ́n á mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ dé digirì 28 sí 34, kí wọ́n tó fi oje ikùn ọmọ ẹran dì í. Tó bá dì, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á rò ó, wọ́n á dà á sínú àwo oníhò, wọ́n á máa yí i padà kí omi rẹ̀ ro. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń dánwò nílé ti ń bà á jẹ́: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bíi gààrí, gbogbo àlàfo á dí, olú ò ní ráyè mí. Lẹ́yìn iyọ̀ ni abẹ́rẹ́ á gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú. Bí wọn ò bá gún un, funfun ló máa wà títí ayé. Bíi lítà 12 ló ń di ẹyọ kan, tó wọn nǹkan bíi kílò méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta.

Ìyá_Béjì
Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba pẹnisílínì ńkọ́?

Ọmọ_Nàgó_Pobè
Ìbátan ni wọ́n, Màmá, olú tí wọ́n fi ń ṣe oògùn yàtọ̀. Kẹ́ni náà kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ o. Aláboyún ni kó má fẹnu kàn án rárá: mílíìkì tí a kò sè ni, kòkòrò àìsàn tó ń jẹ́ listeria lè wà nínú rẹ̀.

Kọ́lá_93
Wàrà Fúlàní pẹ̀lú ewé bòmubòmu. Ó tán.

Abẹ̀ní_ẹléja
Kọ́lá, wàrà Fúlàní tìẹ yẹn, tó bá sùn ọjọ́ méjì láìsí iná, o ò ní lè dúró ti abọ́ rẹ̀. Èyí, ó kéré tán 90 ọjọ́ kó tó dé ọjà. Ṣé o wá rí i pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́?

Kọ́lá_93
Ọjọ́ méjì wo? Ta ló ń fi wàrà sílẹ̀ di ọjọ́ méjì?

Tìámíyù_Montpellier
Ẹ dákun, ẹ padà sí ọ̀rọ̀. Orúkọ Roquefort gan-an ni abúlé yìí fi ń jẹun. Ọba Charles Kẹfà ti fún wọn láṣẹ ní 1411 pé àwọn nìkan ni kó máa mú wàrà yìí gbó. Òfin 1925 sọ ọ́ di orúkọ tí ẹlòmíì ò lè gbé wọ̀. Ní 1961 ni kóòtù Millau, ìlú tó wà nítòsí, wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ihò Combalou nìkan ni ó ti lè gbó kó tó jẹ́ Roquefort. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí kò ní àgùntàn pupa lára bébà rẹ̀, wàrà aláwọ̀ ewé lásán ni.

Bàbá_Larzac
Má gbàgbé 1999. Amẹ́ríkà gbé owó orí ọjà Roquefort sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún nítorí ẹran málùú tí wọ́n fi họ́mónù sìn, tí Yúróòpù kọ̀. Ní August, àwọn àgbẹ̀, José Bové láàárín wọn, lọ wó McDonald's ní Millau.

Tìámíyù_Montpellier
Wọn ò wó o, wọ́n tú u ni. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Abẹ̀ní_ẹléja
Tú u, wó o. Onílé náà á mọ èyí tó jẹ́.

Bàbá_Larzac
Kí n fi kún un: ìjà kì í ṣe àjèjì sí wọn. Ní 1971 ìjọba fẹ́ fẹ àgọ́ ológun Larzac, ilẹ̀ òkè pẹrẹsẹ tó wà nítòsí, láti bíi hẹ́kítà 3,000 dé 17,000. Àgbẹ̀ 103 jọ búra pé àwọn ò ní ta ilẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi fà á, títí Ààrẹ Mitterrand fi dé ní 1981 tó wọ́gi lé e. Nítorí náà, Adùnní, tó o bá dé ọjà Millau, má kọ́kọ́ nawọ́ sí ọjà. “Bonjour” ni kó ṣáájú. Ẹni tí kò bá kí wọn, wọ́n á ṣe bí ẹni pé wọn ò rí i.

Adùnní_Lyon
Ẹ ṣé, sà. Ṣé ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀?

Tìámíyù_Montpellier
Tournemire ló dúró sí, bíi kìlómítà mẹ́ta, ọkọ̀ ọ̀hún ò sì wọ́pọ̀. Ẹ wa mọ́tò. Ẹ ra oúnjẹ kí aago méjìlá tó lù, torí ṣọ́ọ̀bù máa ń tì di aago méjì.

Ìyá_Béjì
Ìtàn darandaran tó gbàgbé búrẹ́dì àti wàrà sínú ihò nítorí ọmọge ńkọ́? Òótọ́ ni?

Abẹ̀ní_ẹléja
Màmá, ọkùnrin wo ló ń gbàgbé oúnjẹ? Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní cabanières ló ṣe iṣẹ́ ihò yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún: wọ́n ń yí wàrà, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀ nínú òtútù. Wọn ò sọ tiwọn di àlọ́.

Ọmọ_Nàgó_Pobè
Èyí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ fi sínú bébà rẹ̀, nísàlẹ̀ fíríìjì. Ẹ yọ ọ́ síta ní wákàtí kan kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́; tútù rẹ̀ ló ń mú kó máa fọ́. Okùn irin tín-ínrín ni kẹ́ ẹ fi gé e, ọ̀bẹ á lọ inú rẹ̀ pọ̀. Láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni, kí ẹnì kan má kó gbogbo ibi aláwọ̀ ewé lọ. Ó níyọ̀, ẹ wá píà tàbí bọ́tà díẹ̀ tì í.

Adùnní_Lyon
Súwẹ́tà mẹ́rin, okùn irin, píà. Kọ́lá, ìjókòó kan ṣì ṣófo nínú mọ́tò o.

Kọ́lá_93
Ṣé búrẹ́dì tí kò tíì bu wà ńbẹ̀?