Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ₦60,000 ni mo ní, kí ni kí n kọ́kọ́ rà fún dẹ́sítọ́ọ̀pù àtijọ́ yìí?

Rọfíátù, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ń ka Sìtátísíkì ní yunifásítì, mo sì ti wọ ọdún tó gbẹ̀yìn. Nígbà tí ọ́fíìsì kan ń ta àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti lò, bàbá mi bá mi ra ọ̀kan níbẹ̀. Dell OptiPlex 7010 ni wọ́n kọ sí i lára, processor rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) jẹ́ Core i5-3470, RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 4GB, háàdì dísìkì 500GB, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀.

Kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fa ara ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá tàn án, mo lè pọn omi kí n tó padà wá bá a, kó má tíì ṣetán. Bí mo bá ṣí Chrome àti RStudio (ibi tí mo ti ń fi èdè R ṣe ìṣirò Sìtátísíkì) pa pọ̀, gbogbo rẹ̀ á dì gbagidi. Nínú Task Manager (ibi tí Windows ti ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ hàn), ibi tí wọ́n kọ Disk sí kì í kúrò ní 100%. Èyí tí kò yé mi rárá ni pé bí iná bá lọ, déètì rẹ̀ máa ń padà sí ọdún àtijọ́, àwọn ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì á sì kọ̀, wọn ò ní ṣí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra processor i7. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní graphics card (káàdì tó ń ṣe àwòrán ojú kọ̀ǹpútà) ló kù tí yóò fi yá. ₦60,000 ni gbogbo ohun tí mo lè ná. N kò lè tún béèrè owó nílé, àbúrò mi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí yunifásítì. Dátà tí mo fẹ́ fi ṣe project mi sì tóbi díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Àbí kí n kúkú tà á?

Múfú, Ìkẹjà

Àbúrò mi, má tà á, má sì ra i7. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Ọ̀tìgbà, ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, 7010 sì wà lára àwọn tí mo máa ń ṣí jù. Disk tí o ní kì í kúrò ní 100% yẹn ti tọ́ka sí ibi tí àìsàn wà.

Háàdì dísìkì rẹ ní àwo tó ń yí, ó sì ní apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí àwo náà láti wá ohun tí Windows bá béèrè. Windows 10 kì í béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe ń wá update ló ń yẹ fáìlì wò bóyá fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ló sì tún ń to orúkọ fáìlì jọ. Apá kan ṣoṣo yẹn kò lè wà níbi méjì. RAM 4GB tún wá dá kún un, torí pé bí RAM bá ti kún, orí dísìkì kan náà yìí ni Windows á máa kó èyí tó ṣẹ́kù sí. Bó o bá fi i7 sí i, yóò kàn jókòó máa dúró de dísìkì ni. i5-3470 ní core (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò) mẹ́rin, ó tó fún iṣẹ́ tí o sọ.

SSD, ohun tó ń rọ́pò háàdì dísìkì, ni kó o kọ́kọ́ rà. SATA 2.5 ínṣì ni kó o béèrè fún, 240GB tàbí 256GB. Má jẹ́ kí wọ́n tà ọ́ ní NVMe, èyí tó tín-ín-rín tó sì gùn, motherboard rẹ (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́) kò ní ojú ibi tó ń wọ̀. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, ibikíbi tí fáìlì bá wà lórí rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló ń gbé e. Má sọ háàdì dísìkì 500GB nù, òun ni wàá máa kó fáìlì pamọ́ sí.

RAM ló kàn. DDR3 ti dẹ́sítọ́ọ̀pù ni. Wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ dáadáa: PC3-12800U ni kó o wá. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Bó bá jẹ́ S, ti láptọ́ọ̀pù ni, ó kúrú, kò ní wọlé. Bó bá jẹ́ R, ti server (kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́) ni. Ìyẹn á wọ ihò rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ kò sì ní tàn. Àwọn R yẹn pọ̀ lọ́jà, owó wọn kì í sì í pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú akẹ́kọ̀ọ́.

Ti déètì tó ń padà sẹ́yìn, bátìrì CR2032 tó wà lórí motherboard ló ti kú, irú rẹ̀ náà ni wọ́n ń fi sínú rìmóòtù mọ́tò àti òṣùwọ̀n mìíràn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí déètì kọ̀ǹpútà bá wà ní ọdún àtijọ́, Chrome á rò pé ìwé ẹ̀rí ààbò ojú ìwé náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì ní ṣí i.

Graphics card, fi sílẹ̀. Word àti R kò nílò rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe géèmù tàbí fídíò ló yẹ kó rò ó.

Rẹ̀mílẹ́kún, Àkúrẹ́

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n Múfú, ṣùgbọ́n èrò tèmi yàtọ̀. Ẹ rántí iná wa. Ọdún tó gbẹ̀yìn ni Rọfíátù wà, òru ni wọ́n máa fi kọ project. Bí NEPA bá mú iná lọ lójijì, dẹ́sítọ́ọ̀pù á kú pẹ̀lú ohun tí wọn ò tíì fi pamọ́. Kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi owó rẹ̀ kún ₦60,000, kí wọ́n wá láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan. Wọ́n á lè gbé e lọ sí yàrá ìkàwé, wọ́n á sì lè gba iná níbẹ̀.

Ìyá Ayọ̀, Òṣogbo

Rẹ̀mílẹ́kún, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ iná yẹn, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní, mo mọ ohun tí iná ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo irú láptọ́ọ̀pù tí owó bẹ́ẹ̀ máa rà. Bátìrì rẹ̀ á ti rẹ̀, wọ́n á fi í sórí iná lójoojúmọ́ bíi dẹ́sítọ́ọ̀pù náà ni. RAM rẹ̀ lè jẹ́ 4GB, háàdì dísìkì tó ń yí ló máa wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì tún wá owó SSD kiri. Bí keyboard láptọ́ọ̀pù bá bàjẹ́, ìnáwó gidi ni. Ti dẹ́sítọ́ọ̀pù, ẹ ó kàn yọ ọ́, ẹ ó fi òmíràn sí i.

Ọmọ mi, bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn SSD àti RAM, wá UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ) tí wọ́n ti lò, kó o sì ní kí wọ́n dán an wò lójú rẹ: kí wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná, kó o rí i pé ó dúró. Bátìrì inú UPS náà máa ń kú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fún ọ, kó o lè fi iṣẹ́ pamọ́ kó o sì pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ. Ìyẹn tó. Má so printer laser mọ́ ọn o.

Rọfíátù, Ìlọrin

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé mà. Mo ti ní kí ẹni tó wà nítòsí bá mi ṣí i. RAM ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ 4GB 1Rx8 PC3-12800U sí i lára, ihò mẹ́ta ṣófo. Eruku inú rẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ó ku ohun méjì. Bí mo bá fi SSD sí i, ṣé gbogbo iṣẹ́ mi kò ní lọ? Àti pé Windows ń sọ fún mi pé àtìlẹ́yìn Windows 10 ti parí. Ṣé mo lè fi Windows 11 sí i?

Múfú, Ìkẹjà

Ẹyọ kan, ihò mẹ́ta ṣófo, ọ̀rọ̀ rẹ ti rọrùn. Ra 4GB kan sí i tó jọ èyí tó wà níbẹ̀, ó di 8GB. Fi méjèèjì sí ihò tí àwọ̀ ìdè wọn bára mu, kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà (dual channel). Bí owó bá gbà ọ́ láyè láti ra ẹyọ 8GB, ó di 12GB, ìyẹn tún dára jù fún dátà rẹ.

Ti iṣẹ́ rẹ: kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, kó gbogbo fáìlì project sí fúláàṣì, kó o tún kó wọn sí Google Drive. Ibi méjì. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ kó o fi Windows 10 sórí SSD náà láti ìbẹ̀rẹ̀, má ṣe kó ti àtijọ́ pẹ̀lú wàhálà rẹ̀ lọ síbẹ̀. Yọ wáyà háàdì dísìkì àtijọ́ nígbà tí o bá ń fi Windows sí i, kí Windows má baà lọ kó apá kan ara rẹ̀ sórí rẹ̀. Bó bá parí, wá so ó padà, wàá bá gbogbo fáìlì rẹ níbẹ̀. Lórí Dell, F12 ni wàá tẹ̀ láti yan fúláàṣì tí Windows wà lórí rẹ̀. Bí Windows tó wà lórí rẹ̀ bá ti ní activation (ìjẹ́rìí pé ojúlówó ni), motherboard kan náà ni, yóò dá ara rẹ̀ mọ̀ nígbà tó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì.

SSD kò wúwo, bí kò bá sí àyè ìdè rẹ̀, téèpù olójú méjì á mú un. Bí wáyà iná kò bá tó, wáyà SATA olórí méjì wà lọ́jà. Kí wọ́n fẹ́ eruku yẹn jáde, kí wọ́n sì fi thermal paste (ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò) tuntun sábẹ́ fáànù processor.

Sùlè, Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti Windows. October 14, 2025 ni Microsoft parí àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan lórí motherboard) àti processor Intel láti ìran kẹjọ sókè, i5-3470 sì jẹ́ ìran kẹta. Àwọn kan máa ń fi Rufus, ètò tó ń gbé Windows sórí fúláàṣì, gba ẹ̀yìn wọlé, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣe ìlérí update fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹni tó ń kọ project wọnú irú ewu yẹn.

Linux Mint, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, ni mo máa fi sí i. Ọ̀fẹ́ ni, R àti RStudio wà fún un, kò sì ń jẹ RAM tó Windows. Mo ń fi R ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí fúláàṣì, ẹ dán an wò láti orí fúláàṣì náà láì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ohun kan tún wà nípa R: inú RAM ló ń kó gbogbo dátà tí ẹ bá ṣí sí. Láti ka fáìlì dátà, ẹ lo àṣẹ fread láti inú àkójọ data.table dípò read.csv, ẹ sì fi select mú òpó (column) tí ẹ nílò nìkan. Bí dátà bá ṣì ju agbára rẹ̀ lọ, Google Colab, tó ń lo kọ̀ǹpútà Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gba R, ó sì ní ti ọ̀fẹ́.

Ìyá Ayọ̀, Òṣogbo

Sùlè, mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n bí supervisor rẹ̀ bá ń fi Word kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ńkọ́? Mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù mi tí tábìlì àti nọ́ńbà ojú ìwé ń sá kiri nígbà tí wọ́n gbé ìwé láti LibreOffice, tí wọ́n ń lò dípò Word lórí Linux, wá sí Word. Lọ́dún tí wọ́n ń kọ project, n kò gbà kí ó yí ohun gbogbo padà lẹ́ẹ̀kan.

Sùlè, Ìbàdàn

Ẹ jàre, mà. Kí wọ́n fi méjèèjì sí i nígbà náà, SSD 256GB gbà wọ́n. Kí wọ́n fi Mint ṣe íntánẹ́ẹ̀tì àti R, kí wọ́n fi Windows ṣe Word nìkan, láì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn activation. Windows ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, kí Mint tẹ̀ lé e.

Rẹ̀mílẹ́kún, Àkúrẹ́

Mo ti gbà pẹ̀lú yín lórí láptọ́ọ̀pù. Kí n fi èyí kún un: ayédèrú SSD wà. Bí wọ́n bá sọ pé 1TB ni, tí owó rẹ̀ sì kéré ju 256GB ti ẹlòmíràn lọ, ẹ sá. Ẹ ní kí wọ́n ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ dísìkì wò, lójú yín, ẹ wo orúkọ rẹ̀ àti wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Ètò mìíràn, H2testw, á kọ dátà kún un, á sì kà á padà, ìyẹn ló ń fi ìwọ̀n rẹ̀ gidi hàn. Ẹ gba rìsíìtì. Bó bá jẹ́ wáíbíìlì ni ẹ fẹ́ fi gbà á láti Ìkẹjà, ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò ìdánwò náà ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Rọfíátù, Ìlọrin

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti pinnu: SSD 256GB, RAM 4GB, CR2032, kí n fi ìyókù wá UPS. Màá bèèrè owó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta níbí lọ́la kí n tó ronú wáíbíìlì. Ẹ̀gbọ́n Múfú, bí owó kò bá tó ńkọ́, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Múfú, Ìkẹjà

Fi UPS sílẹ̀ títí oṣù tó ń bọ̀, kó o máa tẹ Ctrl+S. Má fi SSD sílẹ̀. Mú RAM tó wà nínú rẹ̀ dání lọ sọ́jà kí wọ́n fi wé èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ. Kó o tó yọ ọ́, fa wáyà iná kúrò lára ògiri, tẹ bọ́tìnì ìtanná rẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán, kó o sì fọwọ́ kan irin ara àpótí náà.