Atamátàsé: oríkì ni, kì í ṣe oyè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí ni ká máa pe "striker", agbábọ́ọ̀lù iwájú tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó jẹ góòlù, ní Yorùbá? Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní "atamátàsé" ni, kí a má wulẹ̀ wá òmíràn, torí àwọn oníròyìn eré ìdárayá ti ń lò ó. Àbúrò wa kan ní rárá, ó ṣẹ̀dá "alúgọdayò", nítorí pé iṣẹ́ ẹni náà ni kó lúgọ sí ẹnu ilé, kó máa dè kí ayò yọjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, n kò gbà fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹlẹ́rìí mi ni Jimmy Greaves, agbábọ́ọ̀lù England ayé ọjọ́un.

London ni wọ́n bí i sí ní 1940. Ní 1957 ó wọ ẹgbẹ́ àgbà Chelsea, ó sì jẹ góòlù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó tó pé ọmọ ọdún 21, góòlù rẹ̀ ní líìgì ti pé 100. Ó lọ sí Milan ní 1961, ibẹ̀ kò bá a lára mu. Lóṣù December ọdún yẹn kan náà, Bill Nicholson, akọ́nimọ̀ọ́gbá Tottenham, rà á padà wá sílé ní £99,999. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ dúró síbí díẹ̀. Ńṣe ni Nicholson mọ̀-ọ́n-mọ̀ yọ pọ́n-ùn kan kúrò, kí wọ́n má baà sọ ọmọ ọlọ́mọ di "ẹni ọ̀kẹ́ márùn-ún". Ó mọ̀ pé orúkọ a máa wúwo lọ́rùn ẹni.

Wàyí o, ẹ wo bí ó ṣe ń gbá a. Kì í fi agbára gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni fẹ́ fa àwọ̀n ya. Bó bá ku òun àti aṣọ́lé, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni yóò ti bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ìyá àgbà ṣe ń ti àwo padà sábẹ́ tábìlì. Ó lè wà lórí pápá fún wákàtí kan kí ẹ má rántí pé ó wá. Ìgbà tí ẹ bá fi máa rántí, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n.

Ẹnì kan bèèrè níbí pé nígbà tí kì í yìn ín bí ìbọn, kí ni "ta" ń wá nínú orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u: a-ta-má-tàsé. "Má tàsé" ni gbogbo ìwúwo ọ̀rọ̀ náà wà. Ọfà náà là ń ta, ọfà kì í sì í dún. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, àwọn ọmọ wa ní Brazil ń kì í ní ọlọ́fà kan ṣoṣo. Ẹyọ kan tó ta ni kò lọ lásán. Rashidi Yekini tiwa ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, bọ́ọ̀lù rẹ̀ a máa dún. Síbẹ̀ góòlù tí ayé fi mọ̀ ọ́n jù, èyí tó jẹ sí Bulgaria ní 1994 tó ki ọwọ́ bọ àwọ̀n tó ń ké, ìtòsí ilé gan-an ló ti fi ẹsẹ̀ kàn án wọlé. Àti ẹni tó ń fipá gbá a àti ẹni tó ń rọra tì í, atamátàsé ni wọ́n.

"Alúgọdayò" dùn létí, mo gbà. Mo tún mọ ibi tó ti wá: àwọn Òyìnbó a máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní "poacher". Ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nílùú wọn ni ẹni tó yọ́ wọ igbó onígbó lọ pa ẹran rẹ̀. Olè ni. Lọ́dọ̀ wa, ọdẹ tó pa ẹran ló ni ín, bó bá ti yọ ìpín àgbà. Kí la wá fẹ́ fi lúgọ sí? Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀rọ̀ náà kéré fún Greaves. Ní October 1965, nígbà tí Tottenham na Manchester United ní 5-1, ó gba bọ́ọ̀lù, ó yí, ó gba àárín àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn kọjá, ó yí aṣọ́lé ká, ó wá tì í sílé. Ta ló lúgọ níbẹ̀?

(Bí ẹ bá fẹ́ fi tipátipá pè é ní ọdẹ, ajá rẹ̀ wà. Ní Chile ní 1962, England ń bá Brazil gbá, ajá kan já wọ pápá, apá ẹnikẹ́ni kò ká a. Greaves ló fi ọwọ́ àti orúnkún balẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi rí i mú. Ajá náà tọ̀ sí i lára. Garrincha, agbábọ́ọ̀lù Brazil, ló mú un lọ sílé.)

1966 gan-an ló là mí lójú. Kò sí ẹni tí kò mọ atamátàsé England. Greaves gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú Ife Àgbáyé, kò jẹ ẹyọ kan, wọ́n sì fi bàtà ya á ní ojúgun lọ́jọ́ tí wọ́n bá France gbá. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán ojú ọgbẹ́ náà. Alf Ramsey, akọ́nimọ̀ọ́gbá England, fi Geoff Hurst rọ́pò rẹ̀. Hurst jẹ góòlù kan ṣoṣo tó lé Argentina lọ sílé, Ramsey kò sì wẹ̀yìn mọ́. Ní July 30, Hurst jẹ 3 sí Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, England gba ife ní 4-2. Ayé ìgbà yẹn kò sí ìpààrọ̀ láàárín eré. Ìjókòó ni Greaves jókòó títí wọ́n fi parí. Àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀, 2009 ló tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ wá dá mi lóhùn: lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ta ni atamátàsé England? Bó bá jẹ́ orúkọ ipò, Hurst ni, Greaves ti bọ́ ọ sílẹ̀ bí agbádá. Ṣùgbọ́n góòlù 44 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 57 fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò ṣí kúrò lára rẹ̀. Oyè la ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan gbé fún ẹlòmíràn. Oríkì kì í kúrò lórí ẹni tí wọ́n fi kì. Oríkì ni atamátàsé. Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá fi í ṣe oyè fún gbogbo ẹni tó ń gbá iwájú, a ó máa gbọ́ "atamátàsé náà tún tàsé" lórí rédíò. Mo ti gbọ́ ọ rí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Fún ipò, "agbáwájú" ni mo fọwọ́ sí, torí "ó ń gbá iwájú" ti wà lẹ́nu gbogbo ọmọ àdúgbò. Ó gba oríṣiríṣi ènìyàn: ní Tottenham, Bobby Smith ló ń wọ nọ́ńbà 9, alára gìdìgbà tó ń fi èjìká bá àwọn ẹ̀yìn jà, Greaves tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà ń wọ 10. Agbáwájú ni àwọn méjèèjì.

Ibi tó há mi lọ́rùn ni orúkọ àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn. Bí a bá fi ìlànà kan náà ṣe é, etí yóò gbọ́ "agbẹ̀yìn", bí ẹni pé wọ́n pẹ́ dé pápá. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.