Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe míṣọ́nnárì ní Nìjẹ̀r, kí ló yà yín lẹ́nu jù níbẹ̀?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ìjọ wa ní Ìbàdàn ń rán èmi àti bàbá àwọn ọmọ lọ sí Maradi, Kàtsínà la ó gbà bọ́ sí Jíbíyà ká tó wọlé. Gbogbo ẹni tí mo bá ti sọ fún, ọ̀rọ̀ ajínigbé àti Boko Haram ló wà lẹ́nu wọn, wọ́n á gbàdúrà tán wọ́n á tún máa wò wá bíi pé a ò ní padà wá mọ́, ó ti sú mi. Bí èèyàn ṣe ń gbé ibẹ̀ lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ mọ̀. Kí la ó máa jẹ? Ṣé kí n di èlùbọ́ dání? Àgbà nínú àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS 1, èdè wo ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀? Mo gbọ́ Haúsá díẹ̀ torí Kánò ni mo ti ṣe agùnbánirọ̀, ọkọ mi ò gbọ́ kọjá "sannu". Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì dá mi lóhùn, ìyẹn wà lọ́wọ́ mi.

Mummy Zinder
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o mà. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ti ooru kó kúrò ńlẹ̀. Láti oṣù kẹta títí di ìgbà tójò bá dé, ooru ibẹ̀ ń kọjá 40 dáadáa, inú yàrá ò ṣeé sùn rárá, kálukú ló ń gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ jáde sí àgbàlá tí wọ́n á ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lé e. Ojú á kọ́kọ́ tì yín, pásítọ̀ àti ìyàwó ẹ̀ níta gbangba, àmọ́ oorun á borí ìtìjú. Ẹ ra àmù ńlá, kẹ́ ẹ ri ìdí ẹ̀ mọ́ iyanrìn lábẹ́ igi, torí iná máa ń lọ, omi àmù á sì máa tutù fún yín láìsí iná.

Ọjà ló máa yà yín lẹ́nu. Séfà ni wọ́n ń ná, àmọ́ wọn kì í fẹnu ka séfà, dala ni wọ́n ń kà, dala kan sì jẹ́ séfà márùn-ún. Tí aláta bá ní "dala ashirin", Haúsá Kánò tẹ́ ẹ gbọ́ á sọ fún yín pé ogún ni, ọgọ́rùn-ún séfà lobìnrin yẹn sì ń bèèrè. Dala igba ló di ẹgbẹ̀rún kan, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní jikka. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ máa bá yín lọ sọ́jà, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n ṣírò kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ di èlùbọ́ dání àmọ́ kó mọ níwọ̀n. Iṣu wà, ó kàn wọ́n ni torí ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Jéró ni wọ́n ń jẹ, tuwo ẹ̀ àti fùrá ẹ̀. Zogale wà ńbẹ̀ o! Ewé mòríngà ni wọ́n bọ̀, wọ́n á fún omi ẹ̀ dànù, wọ́n á wá fi kúlíkúlí lílọ̀, àlùbọ́sà, ata gígún àti òróró pò ó. Ẹ má jẹ́ kí ìyá ọkọ mi gbọ́, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju ẹ̀fọ́ rírò lọ.

Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni níléèwé. Ẹ wá olùkọ́ fáwọn ọmọ láti Ìbàdàn ńbẹ̀ yẹn.

Bọ̀dá Fada
Ẹ sọ fún ọkọ yín kó wá fada jókòó. Fada làwọn ọkùnrin àdúgbò tó ń pé jọ lẹ́bàá títì nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń se tíì lórí àdògán kékeré, ẹnì kan á máa gbé kẹ́tùrù sókè á máa dà á sínú ife kékeré láti òkè kó lè hó, á dà á padà, á tún dà á, ṣúgà rẹpẹtẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pín in, àkọ́kọ́ á korò gan-an, wákàtí kan á sì ti lọ, kò sẹ́ni tó ń kánjú. Ibẹ̀ lèmi ti gbọ́ Haúsá ju inú ìwé lọ.

Ọ̀rọ̀ mi gan-an nìyí o. Yorùbá ti wà ní Nìjẹ̀r kẹ́ ẹ tó dé, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń sìn, aṣọ ẹbí wà, ìlù wà. Wọ́n á gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú wọ́n ti fi bàbá ṣe igbákejì pásítọ̀, wọ́n ti fi ẹ̀yin ṣe màmá kọ́yà, ìkómọ lónìí ìpàdé lọ́la. Mo mọ míṣọ́nnárì tó ti pẹ́ níbẹ̀ tí Haúsá ẹ̀ ò ju kó fi ná ọjà lọ. Àwọn tí wọ́n rán an sí ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Niamey
Bọ̀dá, ẹ rọra o. Niamey ni wọ́n bí mi sí, oníṣòwò ni bàbá mi, inú irú ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ ń sọ yẹn ni mo dàgbà sí. Nígbà táwọn ṣọ́jà gbàjọba ní oṣù keje 2023, ECOWAS ti bọ́dà, Nàìjíríà gé iná, ó di oṣù kẹta 2024 kí wọ́n tó ṣí bọ́dà, láàárín ìgbà yẹn náírà já, owó oṣù tí wọ́n ń fi náírà ránṣẹ́ sí míṣọ́nnárì ò ju bí ìdajì séfà tó máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ló bọ́ wọn? Àwa aláṣọ ẹbí yìí náà ni. Ní January 2015 tí wọ́n jó ṣọ́ọ̀ṣì ní Zinder, tó di ọjọ́ kejì wọ́n jó bíi márùndínláàádọ́ta ní Niamey níbí, pálọ̀ wa làwọn kan sùn, ẹni tó sì dúró lẹ́nu géètì wa pé ẹnikẹ́ni ò ní wọlé, Alhaji tí ilé ẹ̀ kọjú sí tiwa ni.

Màmá, Nìjẹ̀r ti jáde nínú ECOWAS láti January 2025, ẹ má gbára lé nǹkan táwọn tó lọ tẹ́lẹ̀ bá sọ lórí ìwé ìgbélùú, ẹ bèèrè lọ́dọ̀ àwọn aṣojú wọn ní Nàìjíríà.

Bọ̀dá Fada
Òótọ́ lẹ sọ, mo jẹ nínú oúnjẹ yẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ghana. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ló dá ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ níbẹ̀, ìgbà tí ìjọba Busia lé àwọn àlejò ní 1969, ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo ò kéré, torí Yorùbá nìkan ni wọ́n ń sọ nínú ẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n má lọ kí yín. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó.

Ọmọ Niamey
Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kẹ̀! Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì 😂

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka ti Bọ̀dá Fada sétí ọkọ mi, ó ní òun kì í mu tíì, mo ní ẹ ó mu ún. Mummy Zinder, aṣọ ńkọ́?

Mummy Zinder
Bùbá fífẹ̀, ìró, àti ìbòrí ńlá tó bo èjìká. Ẹ mú súẹ́tà àwọn ọmọ o, December àti January, ọyẹ́ ibẹ̀ lóru kì í ṣe ti Ìbàdàn. Kí ẹ sì jẹ́ kí ojúmọ́ mọ́ dáadáa kí mọ́tò yín tó kúrò ní Kàtsínà.