Orin Ojúẹlẹ́gba: kí ló ń sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà níbẹ̀?

Àdìó: Ẹ kú ilé o. Orin Ojúẹlẹ́gba tí Wizkid gbé jáde nínú àwo Ayo lọ́dún 2014, àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ mi ní orin fàájì lásán ni. Mi ò gbà. Ẹ̀yin ará Sùúrùlérè l'Ékòó, níbi tí Ojúẹlẹ́gba wà, kí lẹ máa ń gbọ́ nínú ẹ̀?

Ọmọ Ayílárà: Àdúrà.

Ìyá Ẹniọlá: Àdúgbò Ayílárà, l'Ójúẹlẹ́gba níbẹ̀, làwa náà ń gbé, ilé wa kọjú sí òtẹ́ẹ̀lì kan táwọn obìnrin máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ tílẹ̀ bá ti ṣú. Màámi ń ta búrẹ́dì àtẹ̀wà láàárọ̀, àwọn náà ló máa ń kọ́kọ́ ra ọjà, ojú wọn á ti pọ́n fún àìsùn. Ọ̀kan nínú wọn, Àǹtí là ń pè é, ló san owó WAEC ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá wa. Àǹtí yìí kan náà, tó bá rí wa nítòsí òtẹ́ẹ̀lì yẹn, igbe ló máa fi lé wa padà sílé. Tí Wizkid bá ti dé ibi táwọn èèyàn ẹ̀ ti ń jìyà, tí wọ́n ń gbàdúrà, Àǹtí ni mò ń rí.

Àkànní: Owó WAEC kẹ̀? Ẹ má bínú mà, ó ṣòroó gbà.

Ìyá Ẹniọlá: Àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n mi ti di tíṣà báyìí. Kì í dárúkọ obìnrin yẹn kó má ṣúre fún un.

Ọmọ Ayílárà: Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Tára ọmọdé ò bá yá ládùúgbò wa, àwọn táyé ń bú yẹn ló máa ń kọ́kọ́ yọwó.

Bọ̀dá Tùńdé: Mo gbọ́, àmọ́ sítúdíò Mo'Dogg tí Wizkid ti ń sáré kiri nídìí orin ló dárúkọ, kò dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ojúẹlẹ́gba, kó lọ gbọ́ Confusion tí Fẹlá ṣe lọ́dún 1975. Mọ́tò ń ti ọ̀nà gbogbo bọ̀, kò sọ́lọ́pàá tó ń darí wọn!

Ṣadé: Bọ̀dá, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tọ́ Fẹlá. Ó ti dàgbà kó tó mọ ìkóríta yẹn, inú ń bí i sí i ni. Ọmọ Sùúrùlérè ni Wizkid, ilé ẹ̀ ló ń kọrin nípa ẹ̀.

Àkànní: Kọ́ńténà tó já látorí afárá Ojúẹlẹ́gba tó pààyàn ńkọ́? Kí ló dé tí kò kọ ìyẹn?

Ṣadé: Oṣù Kẹsàn-án 2015 nìyẹn. Orin ti jáde.

Àkànní: Ó dáa, mo gbà.

Ṣọlá Peckham: Lọ́ndọ̀n ni mo ti gbọ́ ọ ní tèmi, àtúnṣe ẹ̀ tí Drake àti Skepta, àwọn olórin ráàpù, dá sí. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Tottenham ni Skepta, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára.

Ọmọ Ayílárà: Ẹ jọ̀ọ́, ti àkọ́kọ́ ló dùn jù.

Ṣọlá Peckham: Rárá o! Ẹ tún un gbọ́.