Mo fọ sẹ́ẹ̀lì ultracentrifuge, àmọ́ nǹkan àná ò kúrò nínú rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀ní (Ìlú Ọba): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Analytical ultracentrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan kíákíá tí a sì ń fi ìmọ́lẹ̀ wo bó ṣe ń rìn nínú omi, ni mo fi ń ṣe PhD mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo yí purotéènì kan tó ki gan-an. Mi ò tú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ohun kékeré tí a ń rọ omi purotéènì sí nínú ẹ̀rọ náà, nígbà tí mo parí. Mo fi sírínjì fa ohun tó wà nínú rẹ̀ gba ojú ihò, mo fi omi distilled ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì jẹ́ kó gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo rọ omi lásán sí i, mo yí i ní 3,000 rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) láti dán an wò. Ìlà tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dí hàn, tó yẹ kó wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ ní 280 nm (ìmọ́lẹ̀ UV tí purotéènì máa ń dí), ló gbéra sókè dé 0.08! Ọ̀gá mi ní kí n má máa tú sẹ́ẹ̀lì ní gbogbo ìgbà, kí wíńdò (ojú sẹ́ẹ̀lì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá) má baà bàjẹ́. Ṣé kí n tú u, àbí kí n tún un ṣàn? Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe purotéènì tó kàn.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Kọ́kọ́ mọ ibi tí ìdọ̀tí náà wà ná. Fi omi yẹn sílẹ̀ nínú rẹ̀, sáré rẹ̀ lọ sí 40,000 rpm bí centerpiece yín (èyí tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì, tí omi ń wà nínú rẹ̀) bá gbà á, kí o máa wò ó fún wákàtí mélòó kan. Bí ohun tí o rí bá ń kó lọ sí ìdí sẹ́ẹ̀lì, inú omi ló wà, o ò ṣàn án tó nìyẹn. Bí kò bá mira, ara wíńdò ló lẹ̀ mọ́. Ìka ọwọ́ lásán tó kan wíńdò tó láti dí ìmọ́lẹ̀ UV. Ọṣẹ wo lẹ sì ń lò? Triton X-100, ọṣẹ kan tí wọ́n ń lò ní láàbù, pàápàá máa ń yọ ní nǹkan bí 275 nm, èèyàn á rò pé purotéènì ni.

Ìyá Ìbejì (Houston): Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ èmi ò ní fi purotéènì oṣù mẹ́ta sínú sẹ́ẹ̀lì tí mi ò tú. Bó bá jẹ́ purotéènì kan náà lo fẹ́ yí, tó kàn ki jura lọ, yí èyí tó fẹ́lẹ́ ṣáájú, kí o máa fi omi ṣàn án, ó tó. Bó bá ti di purotéènì mìíràn, tú u. Omi máa ń yọ́ gba àárín centerpiece àti wíńdò, sírínjì ò lè dé ibẹ̀ láéláé.

Tẹ́ bébà rírọ̀ sórí tábìlì kí o tó bẹ̀rẹ̀. Má fi ẹ̀mú onírin kan wíńdò. Ọṣẹ tí kò le ni kí o fi fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà omi distilled púpọ̀, kí o wá fi ethanol nù ún pẹ̀lú bébà tí wọ́n fi ń nu lẹ́ǹsì. Centerpiece Epon (irú ike kan), jọ̀ọ́, má jẹ́ kí acetone kàn án rárá! Ihò rẹ̀ ńkọ́? Fi omi ta á dáadáa, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí. Bí ilé sẹ́ẹ̀lì yín bá jẹ́ alumíníọ̀mù, má rẹ ẹ́ sínú Hellmanex (ọṣẹ líle tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì láàbù), á jẹ ẹ́ lára. Nù ún ni.

Bọ̀dé: Tí o bá tún un tò, torque wrench (sípánà tó ń fi bí o ṣe dè é le tó hàn) ni kí o fi dè é, 120 sí 140 inch-pounds, má fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀. Wọn sẹ́ẹ̀lì lórí ìwọ̀n kí o tó yí i àti lẹ́yìn tí o bá yí i tán. Bó bá fúyẹ́ sí i, ó ń jò.

Àbẹ̀ní: Ẹ ṣeun gan-an ni o. Mo sáré rẹ̀ lọ sí 40,000, kò mira. Mo wá tú u: àbàwọ́n bí òrùka ló wà lára wíńdò ìsàlẹ̀, mi ò bá má rí i láéláé bí mi ò bá gbé e sí ojú iná. Mo fọ̀ ọ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, mo tún yí omi. Ìlà ti wálẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo ti fi ìwọ̀n tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀n han ọ̀gá mi, kò jò.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní: O ṣeun tí o padà wá sọ fún wa. Wo wíńdò náà dáadáa lójú iná lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó di ọ̀la, bóyá ó ti họ lára. Bó bá ti họ, pààrọ̀ rẹ̀.